Ẹnu Ni Wọ́n Fi Ń Wáṣẹ́

“Ẹ tún un sọ.”

“Mo ti sọ ọ́.”

“Ẹ tún un sọ, kí ẹ fi ẹ̀rín sí i.”

Awọ̀nlẹ̀ dúró láàárín yàrá, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú bí ẹni tó ń retí ṣéńjì, ó sì yọ eyín síta. “Ẹ káàsán, sà. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?”

Eyín nìkan ló yọ, ẹ̀rín kò tẹ̀lé e. Màmá rẹ̀, tó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà, gbójú sókè wò ó, ó sì yára gbé ojú padà sínú àtẹ.

“Bàbá Dúdú,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, “ẹ̀rù ń bà mí o. Ó dà bíi pé ẹ fẹ́ gé ẹni náà jẹ.”

“Ìwọ lo ní kí n yọ eyín.”

“Ẹ̀rín ni mo ní.”

“Kí ni mo tiẹ̀ fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe? Mi ò mọ baba, mi ò mọ ọmọ. Tó bá ní àlàáfíà ni wọ́n wà, kí ni kí n tún wá sọ?”

“Ẹ ó ní ẹ dúpẹ́ láti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó wá béèrè kíláàsì tí wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ ló ń fa ọ̀rọ̀.”

“Lẹ́yìn kíláàsì ńkọ́?”

“Lẹ́yìn kíláàsì, òun náà á bi yín léèrè ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́.”

Ìbéèrè tí gbogbo wọn ti ń sá fún láti àárọ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni ọkùnrin yìí kọ́, iṣẹ́ náà ló sì sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Awọ̀nlẹ̀, débi pé àwọn tí wọ́n jọ ń yá ilé kò mọ orúkọ mìíràn tó ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣe é ti kógbá sílé, ó sì ti pẹ́ débi pé Dúdú, ọmọbìnrin rẹ̀, ti gbàgbé pé ìgbà kan wà tí bàbá òun kì í sí nílé lọ́sàn-án. Ìwé ìwáṣẹ́ tó ti kọ kò níye. Ibi tí wọ́n bá ti dá a lóhùn, wọ́n á ní àyè ti kún. Ibi tí àyè bá sì wà, wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó kéde rẹ̀. Ẹni tó mọ ẹni tó mọ ẹni ló ń rí i jẹ. Níbo ni wọ́n ti ń mọra? Níbi àpèjọ ẹgbẹ́ àwọn awọ̀nlẹ̀ ni, nígbà tí wọ́n bá gbé ife dání tí wọ́n ń ṣe tàkúrọ̀sọ, tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé yìí ni àpèjọ ọ̀hún bọ́ sí. Bí ẹ bá sì sọ fún Awọ̀nlẹ̀ pé oòrùn mú lónìí, á ní bẹ́ẹ̀ ni, oòrùn mú. Ó parí nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń bọ́ ilé. Aránṣọ ni, yàrá kan náà tí wọ́n ń sùn ló ti ń rán an, ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ní báyìí, aṣọ ni wọ́n fi bo ẹ̀rọ ọ̀hún. Báńdéèjì wà lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún obìnrin náà, ó wú bí ẹni pé wọ́n ki òwú sábẹ́ rẹ̀. Dókítà ti sọ fún un pé bí kò bá jẹ́ kí ọwọ́ yẹn sinmi, abẹ lọ̀rọ̀ rẹ̀ máa já sí, abẹ ọ̀hún sì lè má dá ìka padà.

Bí wọ́n ṣe ń wo ara wọn bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Oníbàárà ni, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì.

“Ẹ kúulé o! Mo ní kí n kàn yà kí yín ni.”

Ó kí Màmá, ó kí Awọ̀nlẹ̀. Ó ní Dúdú ti ga o, ó ní ooru yìí mà pọ̀, ó ní gbogbo ọ̀nà tó wọ àdúgbò yìí ló ti bàjẹ́. Aránṣọ ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ kò kúrò lára báàgì òfìfo tí obìnrin náà ká mọ́ abíyá. Nígbà tó yá, obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀.

“Aṣọ tèmi yẹn, ṣé ẹ ti fi sísọ́ọ̀sì kàn án?”

“Mi ò tíì kàn án. Ọwọ́ yìí ni. Ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀…”

“Ṣé ẹ rí i, ẹ jẹ́ kí n máa gbà á lọ ná. Kí ọwọ́ sinmi dáadáa. Ìlera lọ̀rọ̀ wà.”

Aránṣọ fi ọwọ́ òsì fa aṣọ náà yọ lábẹ́ àwọn yòókù, ó gbọ̀n ọ́n, ó ká a, ó fi lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà tún kí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ. Òkìtì aṣọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti rẹlẹ̀ gan-an sí bó ṣe wà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo wọn rí i. Màmá ju òkúta kan síta.

Kò pẹ́ tí Tíṣà wọlé. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, yàrá tó kọjú sí tiwọn ló ń gbé, òun ló sì fẹ́ yá Awọ̀nlẹ̀ ní kóòtù. Ìyá Kẹ́míìsì, tó ń ta oògùn níwájú ilé, tẹ̀lé e lẹ́yìn, nítorí kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ojúlé yẹn tí kì í fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí.

“Ohun kan tí o kò gbọ́dọ̀ sọ,” ni Tíṣà wí bó ṣe ń bá a fa èjìká kóòtù náà kó gún, “ni pé ò ń wáṣẹ́. Gbogbo ẹni tó bá wá síbẹ̀ ló ń wá nǹkan. Ẹni tó bá wá là á mọ́lẹ̀, ó ti bọ́ra sílẹ̀ lójú ọjà nìyẹn.”

“Kí ni mo wá lọ ṣe níbẹ̀, sà?”

“O kàn wá kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ni.”

“Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò mi fún yín,” Ìyá Kẹ́míìsì gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀ ló ti ríṣẹ́ tiẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Wọ́n tò, ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀ ń ráhùn nítorí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá lánàá, àbúrò mi náà bá a ráhùn. Kò mọ ẹyọ kan nípa bọ́ọ̀lù! Kó tó kan ọkùnrin yẹn láti wọlé, ó ti ní kí àbúrò mi wá rí òun. Ọ̀gá àgbà ni! Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó.”

“Ọkọ tèmi ò ní pẹ̀lẹ́, kò sì ní líle,” ni Aránṣọ wí. “Kò ní ohùn rárá ni.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Awọ̀nlẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, èyí tó kọ́kọ́ rín lọ́jọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ sì sáré nàka sí i: “Ìyẹn! Ìyẹn gan-an ni kí ẹ gbé lọ!” Ọwọ́ tó wú ló fi nàka. Ìrora gun un dé ìgbọ̀nwọ́, ó fi ọwọ́ kejì dì í mú, ó tẹ̀ síwájú, kò ké. Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn.

Awọ̀nlẹ̀ wo ọwọ́ náà títí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ìwé ìpè yẹn ní kí olúkúlùkù mú ẹnì kan dání. Bá mi lọ.”

“Èmi? Kí n bá àwọn awọ̀nlẹ̀ ṣe kí ni?”

“Ìwọ lo lẹ́nu.”

“Aránṣọ ni mí, Bàbá Dúdú. Kí ni mo fẹ́ bá wọn sọ?”

“Ohun tí o máa ń bá àwọn oníbàárà rẹ sọ. Mo máa ń gbọ́ yín. Láti ìgbà tí o bá ti ń wọn èjìká wọn títí o fi máa dé kókósẹ̀, ẹnu yín kì í dákẹ́. Jọ̀ọ́.”

Kì í ṣe ọkùnrin tó máa ń sọ pé jọ̀ọ́. Aránṣọ wo Màmá.

“Bá a lọ, ìyàwó mi,” ni Màmá wí. “Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Èmi á wo Dúdú.”

Báyìí ni gbogbo wọn ṣe fọwọ́ sí i.

*

Òtútù gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe àpèjọ náà pọ̀ débi pé Awọ̀nlẹ̀ dúpẹ́ pé òun wọ kóòtù. Àga kankan kò sí níbẹ̀. Tábìlì gíga-gíga ni wọ́n tò káàkiri, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ibi fìdí lé, kí gbogbo wọn lè máa lọ kí wọ́n máa bọ̀ bí adìyẹ tí wọ́n fọ́n àgbàdo fún. Ọmọge kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń kọ káàdì tí wọ́n máa fi sáyà: orúkọ lókè, ilé iṣẹ́ nísàlẹ̀.

“Ilé iṣẹ́ wo, sà?”

Awọ̀nlẹ̀ la ẹnu, ó sì pa á dé.

“Ẹ fi ìlà ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni ìyàwó rẹ̀ wí fún ọmọge náà wẹ́rẹ́.

Ó gbé ìlà òfìfo náà sáyà wọlé. Kò pẹ́ tó fi rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èèyàn á bọ̀ tẹ̀rín-tọ̀yàyà, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ balẹ̀ sí àyà rẹ, á ka ti òkè, á ka ti ìsàlẹ̀, ìgbà náà lá tó mọ irú ẹ̀rín tó yẹ ọ́. Ẹ̀rín tó yẹ ìlà òfìfo kì í pẹ́ lójú.

“Báwo ni nǹkan?” ni ọkùnrin kan tó ga béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

“Nǹkan ò rọgbọ, ẹ̀gbọ́n. Ilé iṣẹ́ wa ti kógbá sílé.”

Ọkùnrin náà wo inú ife rẹ̀. “Ọlọ́run á ṣe é,” ó wí. “Ẹ jẹ́ kí n lọ fi nǹkan sínú eléyìí.” Ife náà kún dé ẹnu.

Aránṣọ tì í níhà. “Kì í ṣe ìbéèrè nìyẹn, ìkíni ni. Ẹ kàn ní a dúpẹ́.”

Ó rán an lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta kan tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lẹ́bàá òpó. Ó dúró lọ́dọ̀ wọn títí ẹ̀rín wọn fi lọ sílẹ̀. Ó na ọwọ́ sí èyí tó sún mọ́ ọn jù. “Ẹ káàsán, sà. Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Mi ò bímọ,” ni ọkùnrin náà wí.

“Mo dúpẹ́ láti gbọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde, kò lè fà á padà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ó. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín kékeré, ó rò pé àwàdà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bímọ kò rẹ́rìn-ín. Awọ̀nlẹ̀ ní kí wọ́n máa bínú. Wọ́n ní kò sí nǹkan. Nígbà tó fi máa wá ọ̀rọ̀ mìíràn rí, ẹ̀yìn wọn ló ń wò.

Ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kọ́ níṣẹ́ nígbà kan. Ọmọ náà ti sanra, ilé iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n kọ sí àyà rẹ̀. “Ọ̀gá mi!” ó ké, ó gbá a mọ́ra, ó gbá a lẹ́yìn. “Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ o!” Inú Awọ̀nlẹ̀ rọ̀. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ…” Ojú ọmọ náà ti fo èjìká rẹ̀ kọjá, ó ń juwọ́ sí ẹlòmíràn lọ́hùn-ún. “Ẹ jẹ́ ká máa ríra o, ọ̀gá mi!” Ó lọ.

Awọ̀nlẹ̀ dúró ti ògiri. Ó ń wo àwọn ẹnu tó ń ṣí tó ń pa dé káàkiri ilé ńlá náà, ó ń gbìyànjú láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni. Ẹnì kan ní òun ti fi súgà sílẹ̀. Kò sí èyí tí kò yé e nínú gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tó mọ bó ṣe lè wọ inú rẹ̀.

Aránṣọ ní tirẹ̀ wà nídìí tábìlì oúnjẹ. Wọ́n gún ẹran wínníwínní mọ́ igi tín-ín-rín, ó mú ọ̀kan, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó sọ fún ọmọ tó ń pín in: “Èyí kò tó ohun tí èèyàn ń jẹ. Ká kàn kí i, ká fi í sílẹ̀ ni.”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. “Ta ló ń bú oúnjẹ mi?”

Ó yíjú padà. Ààrẹ ẹgbẹ́ ni, àgbàlagbà ọkùnrin tó ní ilé iṣẹ́ awọ̀nlẹ̀ tó tóbi jù, ẹni tó jẹ́ pé bó bá mi orí lásán, ẹnì kan ti ríṣẹ́ nìyẹn.

“Háà, ẹ má bínú, sà. Èmi kọ́ ni mo sọ̀rọ̀, ebi ni.”

Ààrẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Ó pe ẹnì kan kó wá gbọ́. Ó béèrè ohun tó ń ṣe. Obìnrin náà ní aránṣọ lòun. Ààrẹ ní kí ló dé tí aṣọ òun kì í fi í balẹ̀ lára òun. Aránṣọ ní ẹjọ́ aṣọ kọ́, ikùn ni kó pè lẹ́jọ́. Ọkùnrin náà tún rẹ́rìn-ín. Awọ̀nlẹ̀ ń wò wọ́n láti ara ògiri, ìrètí gbé e lẹ́sẹ̀. Ó lọ bá wọn.

“Ọkọ mi nìyí, sà,” ni Aránṣọ yára wí. “Awọ̀nlẹ̀ ni. Bí ẹ bá fún un níṣẹ́, ilẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dá a lóhùn. Èèyàn nìkan ni kì í bá sọ̀rọ̀.”

Ojú Ààrẹ balẹ̀ sí ìlà òfìfo náà. “O káre,” ó wí. “Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, bá mi mú omi wá níbẹ̀ yẹn.”

Òdì kejì gbọ̀ngàn ni omi wà. Awọ̀nlẹ̀ lọ. Ó gba àárín gbogbo wọn kọjá, kò sáré, kò fà sẹ́yìn. Ọmọ tó ń bu omi kọ́kọ́ dá ẹlòmíràn lóhùn kó tó kàn án. Nígbà tó yíjú padà pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ó rí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì láàárín ọwọ́ méjèèjì Ààrẹ.

Ó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọwọ́ náà ṣì wà níbẹ̀.

“…kí irú ọwọ́ yìí máa jìyà,” ni Ààrẹ ń wí. “Kò dáa rárá. Ọjọ́ Ajé. Ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù, tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti lọlé. Lọ́sàn-án, ariwo kì í jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu èèyàn.”

“A ó wá, sà,” ni Awọ̀nlẹ̀ wí.

Ààrẹ gba omi lọ́wọ́ rẹ̀. “Rárá, ìwọ má da ara rẹ láàmú. Jẹ́ kí ìyàwó rẹ mú ìwé rẹ wá. Òun ló mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ.” Ó mu omi náà tán, ó dá ife padà fún un. “Fi nọ́ńbà rẹ sórí fóònù mi,” ó wí fún Aránṣọ. Ó fi í síbẹ̀.

*

Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n kọrí sí àdúgbò wọn ni Awọ̀nlẹ̀ ní, “O rẹ́rìn-ín jù.”

“Ẹ gbọ́ tiyín.”

“Ọwọ́ rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí mo fi lọ tí mo fi bọ̀.”

“Ṣé kí n gbá a létí ni?”

“Kí o gba ọwọ́ rẹ.”

“Kí n gba ọwọ́ mi, kí iṣẹ́ bọ́. Ká wá padà wálé ká máa sọ pé a ṣáà gba ọwọ́ wa.”

“Ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀! Ó rí mi!”

“Ó rí ọ. Ìdí tó fi rán ọ nìyẹn. Ìwọ náà sì lọ! Ìwọ lo lọ bu omi wá fún un!”

Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pè é ní ìwọ rí. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó tún mú un kúrò. Ọkùnrin kan ń fọ mọ́tò lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n kí i, ó kí wọn, ó ní ẹ kú àríyá, bóyá ó rò pé ibi ayọ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀ pẹ̀lú aṣọ tó wà lára wọn.

Nígbà tí wọ́n kọjá rẹ̀ tán, Aránṣọ ní, “Bí ẹ bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ.”

Ọkọ rẹ̀ ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

“Bàbá Dúdú, mo ní bí ẹ bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ. Ẹ sọ ọ́.”

Òpópónà wọn gùn. Àyè wà dáadáa láti fi sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, gbólóhùn náà kò sì gùn ju èémí kan lọ. Awọ̀nlẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bó ṣe ń rìn. Ó ronú nípa ẹ̀rọ tí wọ́n fi aṣọ bò. Ó ronú nípa abẹ. Bàtà rẹ̀ ń ta lórí òkúta, ko, ko, ko, títí wọ́n fi dé ẹnu géètì.

*

Wọ́n ti ń retí wọn. Tíṣà gbé àga síta, Ìyá Kẹ́míìsì ti tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣáájú àsìkò, Màmá dúró, ó fọwọ́ ti òpó.

“Báwo lẹ ṣe bá a?”

“Ààrẹ ẹgbẹ́ ní kí a mú ìwé wá lọ́jọ́ Ajé,” ni Aránṣọ wí.

Ìyá Kẹ́míìsì pariwo. Màmá di orí mú, ó ń dúpẹ́, ó ń pòyì lójú kan. Tíṣà bọ Awọ̀nlẹ̀ lọ́wọ́, ó bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. “Ṣé mo sọ fún ọ? Ààrẹ fúnra rẹ̀! Kí lo bá a sọ?”

“Ìyàwó mi ló bá a sọ̀rọ̀.”

“Àbí ẹ ò rí nǹkan,” Ìyá Kẹ́míìsì wí. “Obìnrin tó lẹ́nu, ọrọ̀ ni. Aago mélòó ni wọ́n ní kí ẹ dé ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé?”

“Ìrọ̀lẹ́ ni.”

“Ìrọ̀lẹ́ kẹ̀?”

“Tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti lọlé.” Aránṣọ ń tú okùn bàtà rẹ̀, kò gbójú sókè. “Ó ní èmi ni kí n mú un wá.”

Rédíò kan ń sọ̀rọ̀ ní ilé kejì. Ìyá Kẹ́míìsì wo Tíṣà, Tíṣà wo ilẹ̀. Ó wá rántí pé òun fẹ́ gba kóòtù òun. Awọ̀nlẹ̀ bọ́ ọ fún un, Tíṣà sì ń gbọn eruku tí kò sí lára rẹ̀ dànù.

“Àwọn èèyàn ńlá,” ni Màmá wí nígbà tó pẹ́, “iṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè lọ́sàn-án.”

“Òótọ́ ni, Màmá,” ni Ìyá Kẹ́míìsì wí. “Wọn kì í ráyè.” Ó ní òun gbàgbé nǹkan sórí iná. Kò sí ohun tó gbé kaná, ṣọ́ọ̀bù ló ti ń bọ̀.

Tíṣà tẹ̀lé Awọ̀nlẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn. “Ààrẹ yẹn,” ó wí jẹ́jẹ́, “ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan bá a ṣiṣẹ́ rí. Ọmọbìnrin ni.”

“Kí ló ṣẹlẹ̀, sà?”

Tíṣà ká kóòtù náà sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin. “Kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ẹ ṣáà máa fi àdúrà sí i.”

Awọ̀nlẹ̀ dúró, ó ń retí kí bàbá náà sọ ìyókù. Bàbá náà kí i ó dàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kò tíì ṣú.

Ẹ̀wà ni wọ́n jẹ. Màmá ló sè é, ó sì bu púpọ̀ sí abọ́ ìyàwó rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Aránṣọ rí i, ó kó ìdajì rẹ̀ sí abọ́ Dúdú. Màmá rí ìyẹn náà.

“Jẹun, ìyàwó mi.”

“Mo ń jẹ ẹ́, Màmá.”

“Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta,” ni Màmá wí, kò wo ẹnikẹ́ni, “kì í wo ẹnu àáké.”

Aránṣọ gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. “Ṣé èmi ni àáké náà ni, Màmá, àbí èmi ni àpáta?”

Ojú obìnrin àgbà náà pọ́n, ó fi etí aṣọ nu imú. Òun náà ti bí obìnrin lọ́mọ rí. Ó ń fi ṣíbí rú ẹ̀wà tó ti tutù.

Ìgbà náà ni fóònù dún. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà, lórí aṣọ tí wọ́n fi bò ó, ó ń gbọ̀n, ó ń tàn. Nọ́ńbà tí kò lórúkọ ni. Wọ́n mọ ẹni tó ni ín. Dúdú fẹ́ dìde lọ gbé e, Màmá di apá rẹ̀ mú. Ó dún títí ó fi dákẹ́.

Aránṣọ wo Màmá, Màmá ń wo abọ́. Ó wo ọkọ rẹ̀.

Ó tún dún.

“Bàbá Dúdú,” ó wí.

Awọ̀nlẹ̀ la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé ló kún ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, wọ́n há síbẹ̀, ọ̀kan kò jẹ́ kí èkejì kọjá. Ẹyọ kan ló rọ́nà jáde nínú wọn.

“Gbé e.”

Aránṣọ dìde. Màmá fa Dúdú lọ́wọ́, ó ní kó wá kí àwọn lọ fọ abọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò tíì jẹun tán. Ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn wọn.

“Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà… Bẹ́ẹ̀ ni, sà, a ti délé… Ọ̀nà kò burú, a dúpẹ́… Ẹ̀yin náà ẹ kú ìdúró, ẹsẹ̀ á ti máa dùn yín…” Ohùn rẹ̀ já gaara, ó dùn ún gbọ́, bó ṣe máa ń rí tó bá ń wọn aṣọ fún oníbàárà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó kọjú sí fèrèsé. “Rárá o, sà, ooru kò mú tó tàná… Ọwọ́ náà ti ń fẹ́rọ̀ díẹ̀…”

Ó fi fóònù mọ́ etí, ó ń gbọ́.

“Ó wà níbí, sà,” ó wí. “Ó ń jẹun.”

Awọ̀nlẹ̀, tí kò tíì fẹnu kan nǹkan kan, bu ẹ̀wà kún ṣíbí, ó sì gbé e sẹ́nu.